Káńfọ̀ Inú Aṣọ Òkìkíọlá

Àkàngbé, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó. Gbé oògùn yẹn sílẹ̀, ó ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Dókítà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi: kíndìnrín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bí mi ò bá sì bì í jáde lónìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọlẹ̀. Motọ́lání ìyàwó rẹ kọ́ ló pa Òkìkíọlá ọmọ yín. Èmi ni. Èmi Àrìnpé, ìyá tó bí ọ. Má tíì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ṣé o rántí yàrá yín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, níbi tí mo ti wá bá yín wẹ ọmọ? Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì pa dé dáadáa. Oyún Motọ́lání ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, háà! Ṣòkòtò rẹ lórí búláòsì ìyàwó, bàtà lórí ìwé, aṣọ ọmọ tuntun lábẹ́ ẹ̀wù òjò. Aáyán ń rìn fàlàlà nínú ẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé. Mo ní irú pálapàla wo rèé? Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ká tìrẹ sókè, mo ká ti ìyàwó sáàárín, mo fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, nítorí ibẹ̀ lọwọ́ máa ń tètè tó. Mo nu pákó, mo tẹ́ bébà sí i, ó wá mọ́ tónítóní. Mo bá yọ káńfọ̀ nínú báàgì mi, àwọn hóró funfun róbótó tí a fi ń lé aáyán. Motọ́lání ki ẹsẹ̀ tó wú bọ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa ní klíníìkì pé kò dáa fún ọmọ tuntun.” Ọmọ àná tí kò tíì bímọ rí ló fẹ́ kọ́ mi ní ọmọ títọ́! Ọmọ mẹ́rin ni mo fi káńfọ̀ tọ́, ìwọ wà níbẹ̀, o ò kú. Mo ní, “Ó dáa, ìyàwó mi, mo ti gbọ́.” Ó wọ bálùwẹ̀, mo sì ju hóró mẹ́jọ sáàárín aṣọ ọmọ, mo fi tówẹ̀lì bò ó. Kì í ṣe àìmọ̀, Àkàngbé. Wọ́n sọ fún mi. Nígbà tó bímọ tán, á fa imú, á ní, “Mọ́mì, kí ló ń rùn báyìí?” Màá ní abóníkì tí mo fi ń pa orúnkún ni. Ó gbà mí gbọ́.

Èmi ni mò ń wẹ ọmọ, èmi náà ni mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ẹni ta epo sí i. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n tẹ́ ẹ síhòòhò sábẹ́ iná, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Dókítà obìnrin kan pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé òórùn káńfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ yìí? Mi ò ní bínú, kí n ṣáà mọ̀.” Motọ́lání wo ojú mi. Ìwọ náà wò mí. Mo ní, “Rárá o, dókítà, a kì í lò ó.” Ojú ló ń tì mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sáré délé ṣáájú yín, mo ṣa àwọn hóró náà, mo dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù. Aṣọ ṣì ń rùn. Mo ti pọn omi sílẹ̀ láti fọ̀ wọ́n kí n tó rò ó pé Motọ́lání á bi mí ìdí tí mo fi ń fọ aṣọ tó mọ́. Mo da omi náà nù. Ṣé o gbọ́? Mo dà á nù, mo ká aṣọ padà létòlétò. Ẹ gbé ọmọ délé, a sọ ọ́ lórúkọ, mo sì wọ èyí tó rẹwà jù nínú àwọn aṣọ náà fún un. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, gìrì gbé e. Kò dé ọsibítù.

O lè rò pé ibẹ̀ ló burú mọ. Ó kù. Lẹ́yìn tí a sin ín, o bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé, o ní òórùn yìí ti ibì kan wá. Ẹ̀rù bà mí. Báàgì ẹrù ìyàwó Motọ́lání wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí ìyá rẹ̀ dì fún un láti Ìjẹ̀bú, tí kò tíì tú rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wà ní bálùwẹ̀, tó ń fún omi ọyàn dànù, mo da káńfọ̀ inú áńkáṣíìfù yẹn sísàlẹ̀ báàgì náà. Èmi náà ni mo ní, “Àkàngbé, ṣé o ti wo báàgì yẹn?” O dà á sílẹ̀. Motọ́lání ò jiyàn. Ó ní, “Ìyá mi ló máa fi sí i. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Yéè, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò!” O ní kó máa lọ. Mo bá a di ẹrù, mò ń sunkún, o sì ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo gba nọ́ńbà Motọ́lání lọ́wọ́ Caroline, aládùúgbò yín ìjọsí. Ìbàdàn ló wà, ó ń ránṣọ. Ó ṣì kí mi, “Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Ó wá ní, “Ìyá mi fi Bíbélì búra pé òun ò fi káńfọ̀ kankan sí i. Mi ò gbà á gbọ́. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.” Ó pa fóònù. Mo pè é padà, kò gbé e.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Lọ́wọ́ ta ni màá ti gba ìdáríjì ti ìyá olóìyá tó ti kú? Caroline mọ ṣọ́ọ̀bù Motọ́lání. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Ó lè má jẹ́ kí o wọlé, mi ò sì ní bá a wí. Ọkọ̀ Ìbàdàn ṣì ń gbéra ní gáréèjì Jíbówú ní àsìkò yìí. Dìde, ọmọ mi. Má dúró tì mí.