Gbólóhùn tí Wúràọlá Gé Mọ́ Marchal Lẹ́nu

"Ẹ̀yin àbúrò mi, orí irọ́ ni ìyìn tí ẹ ń yìn mí dúró lé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí kò gbé inú mi mọ́."

Báyìí ni Wúràọlá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Bologna. Òun ni wọ́n mọ̀ sí obìnrin tó tú àṣírí Marchal, àgbà olóṣèlú Faransé tó ti ṣe mínísítà rí, tó sì ń gbèjà àwọn àjèjì láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ní Turin ló ti ṣẹlẹ̀. Permesso Wúràọlá, ìwé ìgbélùú rẹ̀, fẹ́ẹ́ tán, kò sì rí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, tó máa fi gba òmíràn. Lorenzo, ọ̀gá rẹ̀ níléeṣẹ́ ìròyìn kékeré kan ní Padua, ní kó lọ ká ọ̀rọ̀ Marchal sínú fídíò níbi ìpàdé kan, torí òun nìkan ló gbọ́ Faransé láàrin wọn.

"Mú ohun tí gbogbo ayé máa wò bọ̀," ni Lorenzo wí. "Contratto rẹ ti délẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tó kan Marchal, wọ́n dìde, wọ́n ní: "Àwọn kan ń sọ fún mi nípa àwọn àjèjì tó ń gba orí òkun wá pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rì sómi, àwọn tó kù á gbọ́n. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tì mí lójú." Wúràọlá gé iwájú fídíò náà, ó gé ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó kù kò ju "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rì sómi" lọ.

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe," ló sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n Paris fi gbé fídíò náà. Àwọn oníròyìn dó sẹ́nu ọ̀nà Marchal, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì lé e. Àwọn díẹ̀ tó wà níbi ìpàdé náà sọ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ariwo bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lorenzo fọwọ́ sí contratto. Ní Padua, àwọn èèyàn wa ń pe Wúràọlá ní akọni.

Wúràọlá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èyí tó burú jù nìyí. Bàbá yẹn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Fi odindi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó mi nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.' Mo ní mo ti pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó wà lórí kọ̀ǹpútà níwájú mi."

Mofẹ́olúwa, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, nawọ́. "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ wá ń sọ ọ́ báyìí?"

"Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ Turin ni, ibẹ̀ ni wọ́n jọ fẹ̀yìn tì sí. Mo wọ treno, ọkọ̀ ojú irin, mo gbé odindi fídíò náà lọ bá wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní títí obìnrin yẹn fi kú, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn láìwo ojú àwọn."

Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ti gbé odindi ọ̀rọ̀ náà jáde láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú orúkọ mi. Lorenzo ti lé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tí ebi bá ń pa yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe oúnjẹ."

"Ṣé wọ́n dárí jì yín?" ni Mofẹ́olúwa bi í.

"Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ni kí n lọ bẹ̀."