Ìrọ̀rí Kì í Gbáni Lápá

Lórí ìlà kẹ̀kẹ́ ní Joju ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ àti ọkùnrin tó kọ́ ọ ní jiu-jitsu nígbà kan, ìjà orí ẹní tí wọ́n ti ń fún ara wọn lọ́rùn.

"Kóòṣì, látìgbà tí wọ́n ti sọ mí di oníṣẹ́ alẹ́, mi ò rẹ́ni bá dánra wò mọ́. Ìrọ̀rí ni mò ń fún lọ́rùn nílé."

"Ìrọ̀rí kẹ̀! Ibo ni àgbọ̀n ẹ̀ wà tí ìgbọ̀nwọ́ ẹ máa bọ́ sábẹ́ ẹ̀?"

"Tàgbọ̀n kọ́, sà. Kì í gbá mi lápá ni. Lọ́dọ̀ yín, ẹni tí mo bá fún lọ́rùn á gbá mi lápá pé ó tó, màá sì tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá kan èmi náà, màá gbá wọn lápá, wọ́n á tú mi sílẹ̀. Níbi iṣẹ́ tó ń fún mi lọ́rùn yìí, ta ni mo fẹ́ gbá lápá?"

Ìbéèrè yẹn bá èmi náà wí, torí ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ dé, àyè ẹnì kan ló kù. Ọkùnrin náà ní kí obìnrin náà wọlé. Ìgbà tí ìyẹn jókòó tán ni ọkùnrin náà tó dá a lóhùn:

"Ọjọ́ tí wọ́n bá fún ẹ nísinmi, máa bọ̀. Ọrùn mi ṣì wà ńlẹ̀."