Ewé Tí Mo Gé Níwájú Ìtẹ́

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú ọkọ mi dé bá mi, lẹ́ńsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Kẹ́hìndé tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Sapele Road, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nu lẹ́ńsì gígùn náà tán ni. Ó ti gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó tó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, gbogbo èébu inú ẹ̀ ti kúrò. Ẹ bá mi sọ fún Prof pé kí wọ́n má tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ọ̀rinrin Bìní yìí ò dáa, nǹkan téèyàn ò bá lò, á bu ni." Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Fọláyẹmí, àbúrò ọkọ mi, ló ń pè láti Adó-Èkìtì, níbi tí ọkọ mi ti lọ kí àwọn ará ilé. Kò kí mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ wà lórí ìjókòó?" Mo ní mo dúró. Ó ní kí n wá àga. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ìyókù. Ó ní bọ̀ọ̀dá òun jẹun alẹ́, wọ́n bá gbogbo ilé ṣeré, wọ́n lọ sùn, wọn ò sì jí mọ́. Kẹ́hìndé gba lẹ́ńsì náà lọ́wọ́ mi kó má baà bọ́, ó fi aṣọ wé e bí ẹni ń wé ọmọ jòjòló, ó sì jáde lọ bá mi wá takisí. Orí itan ni mo gbé lẹ́ńsì náà lé títí a fi délé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, ojú ewé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyàwó olóògbé nìyí. Ẹ ń retí kí n sọ pé Olúwafẹ́mi Jayéọlá jẹ́ ọkọ rere. Ọkọ rere ni. Mo ti sọ ọ́. Ohun tó kù ni òótọ́ kan tí mo fi pamọ́ fún un, tí mo ti pinnu láti sọ fún un bó bá ti Adó dé, kí n sì fi lẹ́ńsì náà lé e lọ́wọ́. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ẹ̀yin ni mo máa sọ ọ́ fún, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ irọ́ kan lẹ́nu rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́ mi ní ìwé kọ́ mi pé kí n dìde dúró bí mo bá fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ti dìde.

Ẹ̀yin tí ó kọ́ ní yunifásítì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yíya àwòrán ẹyẹ ni ayọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa níhìn-ín, ní ìsàlẹ̀ Ekenwan Road, igbó kékeré kan wà tí odò tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ọkọ mi á gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì tó gùn bí apá mi, èmi á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kùkùté ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í kọjá rẹ̀. Bí mo bá ní kó sún mọ́ àwọn ẹyẹ díẹ̀ sí i, á ní, "Àrìnpé, ìdí tí mo fi ra lẹ́ńsì gígùn ni kí ẹsẹ̀ mi má baà dé ọ̀dọ̀ wọn." Ibi kùkùté yẹn ló ti máa ń dúró kí àwọn ẹyẹ kó tó ṣe ohunkóhun. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin onílé." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màá fi orúkọ ọmọ wa pè é, màá ní, "Bàbá Tèmi, ṣé wọ́n dá yín lóhùn?" Á ní, "Wọ́n ń rò ó."

Lọ́dún kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ kan wá kọ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀ka igi kékeré kan lẹ́bàá odò náà. Orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ pọ́n bí epo, ìrù rẹ̀ sì gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, bí ẹni so rìbọ́n mọ́ ọn. N kò mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pè é. Abìrùgígùn ni àwa ń pè é nílé wa. Ìṣùpọ̀ ewé kan ló wà níwájú ìtẹ́ náà gan-an bí aṣọ ojú fèrèsé. Ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń lọ, ojoojúmọ́ ló sì ń padà wá sọ pé, "Ìrù rẹ̀ ni mo tún yà." Kò bínú. Èmi ni mo ń bínú. Nǹkan funfun ti ń bo ojú rẹ̀ nígbà náà, dókítà sì ti ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun kò bẹ̀rù ọ̀bẹ, pé òun kàn fẹ́ rí ojú ẹyẹ yẹn dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú òun, bóyá ojú á là, bóyá kò ní là. Mo lè sọ fún yín pé ìfẹ́ ọkọ mi ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé ó ti sú mi láti máa gbé àpótí káàkiri nínú ìrì, mo sì fẹ́ kó parí.

Comfort tó ń dáko ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá igbó náà ni mo rojọ́ fún. Ará Bìní ni, a sì ti di ọ̀rẹ́ tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú. Ó ní, "Mama Temi, Prof don marry bird finish. Na you be second wife now." Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ní, "No be ordinary leaf? Make we comot am. E go grow back." Èmi tí mo ti gbọ́ òfin ọkọ mi ju ẹnikẹ́ni lọ, mo wọlé lọ mú àlùmọ́gàjí tí mo fi ń ránṣọ. Àárọ̀ Sátidé ni, ọkọ mi ti lọ sí àdúrà àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Comfort tẹ ẹ̀ka náà wálẹ̀ fún mi. Ìyá ẹyẹ náà fò jáde, ó ń ké yí wa ká. Mo yọjú wo inú ìtẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì la ẹnu sí mi. Wọn kò tíì ríran, wọ́n rò pé èmi ni ìyá wọn. Ọwọ́ mi dúró díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ibẹ̀ yẹn. Mo dúró, mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo sì gé e. Mo gé gbogbo ìṣùpọ̀ ewé náà, mo kó wọn sínú ìró mi, mo sì dà wọ́n sódò kí ó má baà rí wọn nílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi sáré wọ ilé ìdáná pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ọkùnrin tí kì í sáré. Ó ní, "Àrìnpé, wá wo ojú rẹ̀." Mo wò ó. Ẹyẹ náà wà lórí ìtẹ́, oòrùn tàn sí i lójú, àwọn ọmọ na ọrùn sókè. N kò tíì rí àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ló já ewé yẹn lóru. Ọlọ́run ló bá mi ṣí aṣọ fèrèsé." Ó jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, gbogbo yín sì ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn mi sì ròkè.

Òjò kò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ewé tí mo rò pé ó kàn ń dí ojú kámẹ́rà ni òrùlé wọn. Ọkọ mi padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní àwọn ọmọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn, pé àwòdì kan sì ń yípo lókè. Nígbà tó tún lọ, ìtẹ́ ti ṣófo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná láìbọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi mí léèrè. Ó ní, "Àrìnpé, ǹjẹ́ o rí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ìdí igi yẹn?" Ó bi mí jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń béèrè gbogbo nǹkan. Mo ní n kò rí ẹnì kankan. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni. Àwòdì ń wo ibi tí èèyàn ń wò. Èmi ni mo fi ìtẹ́ náà hàn án." Bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré. N kò dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé á tún béèrè, ni mo bá sọ pé, "Bóyá lílọ yín ló pọ̀ jù. Ṣebí mo ti ń sọ ọ́." Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ tọ́ sọ́nà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, èyí ló burú jù. Àlùmọ́gàjí ni mo fi gé ewé. Ẹnu mi ni mo fi gé ọkọ mi.

Ó nu lẹ́ńsì náà, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú rẹ̀ là kedere, kò sì fi wo ẹyẹ kankan mọ́. Gbogbo kíláàsì tuntun ló ń sọ fún pé, "Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo pa odindi ìdílé kan nítorí àwòrán." Comfort wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mama Temi, make we tell am. The man no dey laugh again." Mo ní bó bá fẹ́ràn mi, kó dákẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní, "I go keep quiet. But I no fit dey enter your house, dey greet am for face." Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ló ti ń kí mi.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọkọ mi ń di ẹrù Adó, ó gbójú sókè, ó ní, "Abìrùgígùn ti padà." Ó wá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé kó má baà rí ibi tó máa bà sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ni n kò lè fara dà. Bó ṣe lọ tán, mo gbé lẹ́ńsì lọ fún Kẹ́hìndé.

Tèmidire, ọmọ wa, dé láti Àbújá fún ètò ìsìnkú, ó sì rí àwòrán náà nínú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀. Ó ní, "Mummy, na this one go dey front. Daddy no snap any one wey fine pass am." Mo ní kò ní wà níwájú ìwé. Ó béèrè ìdí. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ fún un bí mo ṣe sọ fún yín yìí. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "So Daddy no kill anything." Mo ní kò pa nǹkan kan. Ó ní, "And you let am carry am go." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi ní ilé ìdáná, ó fi ọ̀kan hàn mí nínú àwọn àwòrán tí bàbá rẹ̀ yà kí n tó gé ewé. Ó ní, "Use this one. For here, dem still dey house." Ó wá fi orí lé mi léjìká. Kò sọ pé ó ti dárí jì mí, n kò sì béèrè. Àwòrán náà ló wà níwájú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti ń bi ara yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ kìkì ewé àti ìrù kan, ẹ ti mọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, olùkọ́ yín kò pa ìdílé kankan. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn tí kò sí níhìn-ín. Comfort, mo gbé ẹrù mi lé ọ lórí, dárí jì mí, kí o sì wọlé lọ́jọ́ ìsìnkú. Bàbá Tèmi, ẹ kì í bínú pẹ́, mo sì gbà pé ẹ ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ìyàwó, bí ọkọ yín bá bi yín ní ìbéèrè jẹ́jẹ́ nídìí oúnjẹ, ẹ dá a lóhùn kí oúnjẹ tó tutù.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, mo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí igbó. Ìtẹ́ tuntun ti wà lórí igi kan lódìkejì odò. Mo dúró síbi kùkùté ọ̀pẹ. Mo fi lẹ́ńsì wò ó. Ewé ni mo rí, àti ìrù pípọ́n kan tó ń mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ wọn. N kò tẹ kámẹ́rà. Mo dé ìdérí lẹ́ńsì náà padà, mo jókòó sórí àpótí ọkọ mi, mo sì sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin onílé."