Ìwé Àṣẹ Tí Mo Kà Sókè

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n dúró níwájú yín lónìí láìsí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́rùn mi.

Ẹ mọ̀ mí, dẹ́rẹ́bà rélùwéè ni mí. Ẹ sì rántí pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí mo ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo fo ẹsẹ méjì, Bàbá Àlàgbà wa sì ní kí n padà kà á látòkè wá. Níwájú gbogbo yín! Inú bí mi gan-an. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó níbí títí dé ilé wa ní Àgọ́-Ìwòyè, n kò bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, òjò ba iná tó ń darí rélùwéè jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá téṣàn á fi fóònù béèrè lọ́wọ́ téṣàn iwájú bóyá ojú irin ṣófo, á wá kọ ìwé àṣẹ fún dẹ́rẹ́bà. Dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ kà á sókè sí i létí kó tó sáìn. Lẹ́yìn náà, jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa wa ọkọ̀ ojú irin náà, táá máa fọn fèrè.

Kí n má parọ́ nílé Ọlọ́run: ó pẹ́ tí mo ti ń sáìn láìkà. Lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, ọ̀gá téṣàn kọ ìwé àṣẹ fún mi, báírò ti wà lọ́wọ́ mi, àwọn èrò ń pariwo. Mo ní, "Jésù, ràn mí lọ́wọ́," ni ìtìjú ọjọ́ Ìsinmi bá tún mú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ọ̀gá kọ ọ́ pé kí n gba "ojú irin òsì." Bẹ́ẹ̀ "ọ̀tún" ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá lórí fóònù!

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pe téṣàn iwájú."

Ó pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí ojú irin òsì, tí wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ náà pé ọkọ̀ kankan ò ní gba ibẹ̀. Ọ̀gá ya ìwé náà, ó kọ òmíràn, mo sì tún kà á sókè.

Mo gba ọ̀tún. Lẹ́yìn kọ́nà kan ni mo rí wọn, ọkùnrin méjìlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí iṣẹ́ wọn. Ká ní òsì ni mo gbà, bí mo tilẹ̀ rọra, n kì bá tí lè dúró. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sunkún nínú ọkọ̀ yẹn.

Bàbá Àlàgbà, mo bínú sí yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ará, n kò mọ iye ìwé tí mo ti sáìn láìkà, tí Ọlọ́run ń bá mi kà á. Ẹ fi ògo fún un! Ẹ bá mi yọ̀, kẹ́ ẹ sì bá mi yọ̀ nítorí àwọn ìyàwó ọkùnrin méjìlá yẹn, torí wọn ò mọ̀ pé ó yẹ káwọn máa yọ̀.