Lẹ́tà U Tó Wà Lára Àpáta Ọ̀kà

Ẹ̀yin tí ẹ yí bẹ́ẹ̀dì mi ká n'Ìkàrẹ́, tí ẹ ń pè mí ní Tíṣà Akíndèjì olóòótọ́, ẹ gbé ìyìn yín kúrò ńbẹ̀. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní kú pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ọdún mọ́kànlá ni tèmi. Èmi ni mo ba ti Memunat jẹ́.

Lára àpáta kan lórí òkè Ọ̀kà, bàbá Memunat fi irin họ ọ̀rọ̀ yìí: ULE ILESANMI 1931. Ibẹ̀ ló kọ́lé sí, ibẹ̀ ló ń dáko. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ilẹ̀ náà kó lè tà á fáwọn tó ń fọ́ òkúta, Memunat ò ní ẹ̀rí mìíràn. Ó ní, “Ìwé wa nìyẹn.” Àwọn àgbà ní kí èmi tíṣà Yorùbá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé awò ojú wọ̀, mo ní, “U kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ilé là ń kọ. Àwọn ọmọ iléèwé ló họ ìranù yìí lẹ́nu àìpẹ́ yìí.” Òfin náà wà nínú ìwé lóòótọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà mí gbọ́. Ọ̀dájú ni mí. Memunat wò mí, ó ní, “Tíṣà, bí òjò bá ṣú, báwo ni ìyá yín ṣe ń pè yín? Ṣebí ‘Wá ulé’ ni.” Òótọ́ ló sọ. Ulé ni gbogbo wa ń pè é l'Ọ̀kà.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Precious, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì Àkùngbá, ní ohun táwọn ará àtijọ́ họ sára òkúta kò yàtọ̀ sí ìwé ìtàn. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè wá ya fọ́tò rẹ̀, kí ọ̀gá òun lè sọ bó ti pẹ́ tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé wàá jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní òpùrọ́ ni?” Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbé òòlù àti irin gun òkè, mo gé gbogbo rẹ̀ dànù. Inú mi dùn bí mo ṣe ń gé e, ẹ gbọ́ ìyẹn náà. U nìkan ló ṣí kúrò lódidi. Mo fi sápò, mi ò mọ ìdí. Ẹ̀rí ò sí mọ́, wọ́n lé Memunat kúrò. Yàrá àyágbé kan n'Ìkàrẹ́ níbí ló kú sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi òfin ìwé pa ẹnu ìyá yín dé. Àsàmáù ọmọ Memunat, bí o bá lè dárí jì mí, jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, máa ṣépè. Òkúta náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Kò lè gba ilẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ìyá rẹ ló họ ọ́. Wá mú un. Ilẹ̀kùn ò tì. Wọ ulé.