Oògùn Kan Ló Kù

[Fóònù ń dún. Ariwo adìẹ.]

BÀBÁ: Ráwíyà? Àlàáfíà kó máa bá ẹ gbé, ọmọ mi. Yá a sọ, iná ti lọ láti àárọ̀, fáànù ilé adìẹ ti dákẹ́—

RÁWÍYÀ: Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́—

BÀBÁ: —ẹgbẹ̀ẹ́dógún adìẹ, gbogbo wọn ń yanu! Rágàbù ọkọ ẹ ńkọ́?

RÁWÍYÀ: Ó wà. Bàbá, ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ń kó oògùn adìẹ sí. Ẹ ka orúkọ tó wà lára wọn fún mi.

BÀBÁ: Oògùn adìẹ kẹ̀? [Ẹ̀rín.] Àbí o ti ń sin adìẹ lórí òrùlé ní Kàírò níbẹ̀ yẹn?

RÁWÍYÀ: Súńdùs ni. Mo gbé ọmọ mi wá sí ọsibítù.

BÀBÁ: Ìgbẹ́ gbuuru yẹn ò tíì dá? Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ fún un lómi ìrẹsì—

RÁWÍYÀ: Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà báyìí, Bàbá! Ọmọ ọdún mẹ́ta! Kòkòrò ti tinú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń fún un, bí ìgbà téèyàn ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni.

BÀBÁ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

[Ohùn ń já lórí fóònù.]

RÁWÍYÀ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́. Kí ló wá kan adìẹ mi níbẹ̀?

RÁWÍYÀ: Dókítà béèrè ohun tó jẹ. Mo ní ẹ̀dọ̀ adìẹ, nílé yín, lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní kí niṣẹ́ bàbá mi—

BÀBÁ: O wá dárúkọ mi! Ẹ̀dọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi dín!

RÁWÍYÀ: Ẹ ò jẹ́ kó jinná.

BÀBÁ: Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí dókítà ẹ! Ṣebí ó dùn mọ́ ọn? Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, Gíddò mi, fún mi sí i"—

RÁWÍYÀ: Mi ò wá jà, Bàbá. Dókítà ní oògùn tí adìẹ bá ti ń mu lójoojúmọ́, kòkòrò inú ẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Oògùn náà ò ní pa á mọ́. Ó fẹ́ mọ èyí tí kò yẹ ká fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ẹ kà á!

BÀBÁ: Dúró, awò mi dà... [Ìró agolo.] Amọ́kísílìnì.

RÁWÍYÀ: Wọ́n ti fún un. Kò ṣiṣẹ́.

BÀBÁ: Sípírò.

RÁWÍYÀ: Wọ́n ti fún un.

BÀBÁ: Jẹntamáísìnì.

RÁWÍYÀ: Ìyẹn náà.

BÀBÁ: Ráwíyà, ọjà ni mo ti rà wọ́n. Ẹni tó tà á ló ní kí n máa pò ó mómi kí wọ́n má baà ṣàìsàn. Gbogbo abúlé ló ń—

RÁWÍYÀ: Mo mọ̀. Ẹ gbọ́, oògùn kan ló kù. Dókítà ní lẹ́yìn ìyẹn, kò sí òmíì. Kò sí nínú ọsibítù, Rágàbù ti ń wá a kiri láti àárọ̀.

BÀBÁ: Kí lorúkọ ẹ̀?

RÁWÍYÀ: Ko— [Ohùn ń já lórí fóònù.] Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kolísítìnì.

BÀBÁ: Kolísítìnì? Alihamudulilahi! Ó wà níbí! Báàgì ńlá, mi ò tíì lò ju ìdajì lọ! Sọ fún Rágàbù kó má wulẹ̀ dara ẹ̀ láàmú mọ́, mo ń gbé e bọ̀, mo ti ń wọ bàtà—

RÁWÍYÀ: Bàbá.

BÀBÁ: —ṣé o rí i? Gíddò ẹ̀ náà ló máa—

RÁWÍYÀ: Bàbá. Ta ló mu ìdajì tó lọ?

[Ariwo adìẹ.]

RÁWÍYÀ: Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń dà á sómi wọn.

RÁWÍYÀ: Títí kan adìẹ tí Súńdùs jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀?

BÀBÁ: Ọwọ́ mi ni mo fi fi ẹ̀dọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Ọwọ́ mi yìí. Ráwíyà, ní kí dókítà fún un bẹ́ẹ̀ náà. Ó lè ṣiṣẹ́. Ní kó fún un. Ṣé o gbọ́ mi? Ráwíyà, ṣé o—

[Fóònù já.]