Pátákó Kan, Ìwọ̀n Méjì

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí nítorí bébà tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ kọ ọ́, ìkọ̀wé mi ò sì dáa. Ó rí bí ìgbà tí adìyẹ jáde nínú ẹrọ̀fọ̀ tó wá gba orí bébà kọjá. Kíláàsì kẹrin ni ẹ̀kọ́ mi ti dúró. Tẹ́ ẹ bá rí i tí mo dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, mi ò sunkún o, ìlà tó kàn ni mò ń wá. Ẹ bá mi ní sùúrù.

Alága ìjókòó, ọ̀gá wa tó ni ilé iṣẹ́ yìí; ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú; Bàbá Olómi, tó jẹ́ pé ìdágbére tiyín àti tèmi ni wọ́n pa pọ̀ lónìí; ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé pátákó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá ihò sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dì í sínú páálí; ẹ̀yin àlejò; ọkọ mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ; ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín.

Oṣù kẹta rèé tí mo wọlé ọkọ. Káfíńtà ni ọkọ mi, ó rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ọ̀la la sì ń kó lọ. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ó ti gba yàrá kan tó ní fèrèsé méjì, ó ti kan ibùsùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, mo bá ara mi níwájú ẹ̀rọ ìwọ̀n, mò ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ewúrẹ́ lórí. Ṣé ẹni tí inú ẹ̀ dùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó rú mi lójú. Nǹkan púpọ̀ ló sì rú mi lójú ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin àlejò, mọ́dábọ́ọ̀dù là ń ṣe níbí, pátákó aláwọ̀ ewé tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà ń jókòó lé. Bàbà ló wà lára ẹ̀ ní ìlà-ìlà, òun ni iná ń tọ̀ kiri bí èèyàn ṣe ń tọ ọ̀nà. Bàbà yẹn ò nípọn ju ìdajì irun orí kan lọ. Tó bá tún wá tínrín ju bẹ́ẹ̀, ọ̀nà á gbóná, iná á jó o. Inú omi oníkẹ́míkà tí Bàbá Olómi ń tọ́jú ni bàbà ti ń lẹ̀ mọ́ pátákó. Tó bá kúrò níbẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, á wọ ààrò lọ gbẹ, á wá kàn mí. Èmi ni mo ń wọn bó ṣe nípọn tó: ẹ̀rọ á rán iná díẹ̀ gba inú bàbà, bí iná bá ṣe rọ́nà kọjá sí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Márùndínlógójì ni nọ́ńbà tá à ń béèrè lójú ẹ̀rọ. Tó bá dín, mo máa lẹ bébà pupa mọ́ ọn.

Ìgbálẹ̀ ni mo gbé wọ ilé yìí. Ẹ̀gbọ́n Aláyẹ̀wò, tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ní kí n wá jókòó ti òun, ó sì kọ́ mi. Nígbà yẹn, tí ẹ̀rọ bá gbé nọ́ńbà jáde, mi ò mọ mẹ́fà yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án. Bàbá Olómi ló kọ nọ́ńbà sára ògiri fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ya ikùn ńlá sábẹ́ mẹ́fà, wọ́n ní, "Èyí ti jẹun yó, ìyẹn ló ń ru ẹrù sórí." Ó ṣì wà lára ògiri. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dùn mí la dé yìí.

Ẹ̀gbọ́n Aláyẹ̀wò kọ́ mi pé tí pátákó bá jáde nínú ààrò, kí n jẹ́ kó sinmi, títí mo fi máa lè gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láìpariwo. Èmi rò pé nítorí kó má baà jó mi ni. Nígbà tí ọ̀gá wá ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún wa, mo ní ó tán, kí ni mo tún ń dúró dè? Ọkọ mi sì máa ń dúró dè mí ní géètì tá a bá fẹ́ ṣíwọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ tètè parí iṣẹ́. Bí pátákó bá ṣe ń jáde báyìí, tó ń gbóná fẹlifẹli, ni mo ń wọ̀n ọ́n.

Láti ìgbà yẹn ni bàbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n. Bébà pupa lónìí, bébà pupa lọ́la. Wọ́n pe Bàbá Olómi, wọ́n ní omi wọn ò ṣe dáadáa mọ́. Bàbá ní omi àwọn ò yí padà. Àwọn kan ní ojú wọn ti ń ṣú, àwọn kan ní agídí àgbà ni. Mo lọ bá wọn nídìí omi, ọkàn mi ò balẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni kó o kọ. Má tìtorí mi kọ òmíràn." Mo ń kọ ọ́. Mo kọ ọ́ títí wọ́n fi ní kí Bàbá lọ sinmi, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀gá fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn pátákó tá a kọ̀, kí n fi ṣe ìrántí. Inú àpò mi ló wà. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń kọ́ ọmọbìnrin tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo yọ ọ́ síta, mo ní, wá wo bí èyí tó tínrín ṣe ń rí. Ó gbé e sí ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rìndínlógójì lèyí. Ṣé ẹ̀ ń dán mi wò ni?"

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sínú ààrò, mo yọ ọ́ jáde: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo gbé e sójú fèrèsé títí ó fi tutù: mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Pátákó kan náà!

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní pákó máa ń súnkì tó bá gbẹ, bóyá bàbà náà ń súnkì. Ṣùgbọ́n ṣebí nǹkan tó bá gbóná ló ń wú? Tó bá wú, ṣé kò yẹ kó nípọn sí i ni? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàwé á ṣàlàyé ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi Bàbá Olómi ò ní àbùkù kankan. Ìkánjú mi ló ní in. Ìyẹn náà ni mo fẹ́ gbé pa mọ́ sínú ẹrù ìyàwó, kí n máa lọ. Ọkọ mi ló ní, "Tó o bá gbé e délé, ibo la máa gbé e sí?"

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Bàbá, ẹ ti da omi síwájú fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kí ló dé tó jẹ́ ilẹ̀ gbígbóná ni mo tẹ́ fún yín? Mo kúnlẹ̀, sà. Ẹ dárí jì mí.

Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ìyàwó tuntun dá ìjókòó rú báyìí. Pátákó náà rèé, mo ti mú un dání láti àárọ̀, mo sì fi ìbòrí mi wé e kí ara mi má baà mú un móoru. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n kí Bàbá tó dá kọ́kọ́rọ́ àpótí iṣẹ́ wọn padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má tínrín lójú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Kí Ọlọ́run má fi yín lé ọwọ́ ẹni tó ń kánjú. Kí ilé tí mò ń lọ tù mí lára, kí èyí tí mò ń fi sílẹ̀ má jó. Ẹ ṣé o.

Ó ṣẹ́ ku ìlà méjì. Mo kọ ọ́ síbí pé, Bàbá Olómi, tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni mo sọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú…

Sà? Èmi? Ó wà lọ́wọ́ mi, sà. Ó tutù, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ọ̀gá ti dìde, wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní yàrá ìwọ̀n, kí Bàbá náà tẹ̀ lé wa. Bàbá, ẹ dìde, sà, ẹ má tíì fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́